Ta Ni À Ń Tún Ilé Ṣe Fún?

Iṣẹ́ ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni mò ń ṣe ní Àgbádárìgì. Kì í ṣe pé mò ń kọ́ ilé o. Nígbà tí bíríkìlà bá ti palẹ̀ mọ́, tí àwọn tó kan òrùlé sì ti gba owó wọn lọ, ni wọ́n máa ń pè mí. Èmi ni mo máa ń sọ irú ọ̀dà tí a ó fi kun ògiri, ibi tí àga yóò kọjú sí, àti irú aṣọ tí yóò wà lójú fèrèsé. Mo ní káfíńtà kan, télọ̀ kan tó ń rán kọ́tìnnì, àti ọmọkùnrin méjì tó ń kun ọ̀dà. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ẹ̀ṣọ́ yẹn ni èmi ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi kì í gbé nínú ilé tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Èkó ni àwọn kan wà, òkè òkun ni àwọn mìíràn wà. Òbí wọn ló ń gbé ilé. Nítorí náà, ó yẹ kí n ti bi ara mi ní ìbéèrè kan láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: bí ẹni tó sanwó kì í bá ṣe ẹni tí yóò gbé inú ilé, ta ni mò ń tún ilé náà ṣe fún? N kò bi ara mi. Àga kan ló bi mí.

Ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Kánádà ló pè mí pé kí n tún ilé ìyá òun ṣe, nítòsí etí ọ̀sà. Ìyá náà ti lé ní ẹni 70 ọdún, ọkọ wọn sì ti kú. Kí ẹ má ṣe rò pé ọmọ burúkú ni ọmọ yìí. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nínú òtútù, ọdún méjì ló sì fi kó owó náà jọ. Ó fi àwòrán pálọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ògiri aláwọ̀ eérú, àga onítìmùtìmù funfun, kọ́tìnnì tó gùn láti àjà dé ilẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, bó ṣe wà nínú àwòrán yìí gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Gbogbo ẹrù àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ bá mi kó o dànù. Ìyá mi ti jìyà tó.”

Mo lọ wo ilé náà. Mo bá Màmá lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì. Wọ́n ń rẹ́ àgbọn sínú abọ́, wọ́n sì ń fi èdè Ẹ̀gùn kí àwọn tó ń kọjá lọ. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò dúró dá wọn lóhùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì fi àwòrán náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ó dára, ọmọ mi. Ohun tí ọmọ mi bá ti fẹ́ náà ni.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé Màmá ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi ṣiṣẹ́. A fi gíláàsì ńlá rọ́pò fèrèsé onígi náà, a sì dí gbogbo ihò atẹ́gùn kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Lára ẹrù tí a kó síta ni àga onígi kan wà tí apá rẹ̀ kan ti yẹ̀. Káfíńtà mi béèrè pé kí ni kí òun fi ṣe. Mo ní kó tú u, kó mú èyí tó bá wúlò nínú igi rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi ṣàwàdà pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Lọ́jọ́ tí a parí, àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà rí ilé lórí fóònù, ó sì sunkún ayọ̀. Màmá gbàdúrà fún mi títí. Nígbà tí mo ń jáde lọ, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àga Bàbá ńkọ́?” Mo ní a ti kó o kúrò níbẹ̀. Wọ́n mi orí wọn. Wọn kò tún béèrè mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo padà lọ síbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wá ti dípẹtà sára irin kọ́tìnnì. Mo bá pálọ̀ ní títì pa. Ọ̀rá tí a fi bo àga kò tíì kúrò lára wọn. Ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ilé ìdáná ni Màmá wà, níbi tí wọn kò ti lè rí ẹnikẹ́ni kí. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti mú iná lọ, inú pálọ̀ a máa gbóná bí ààrò, àti pé àwọn kò fẹ́ kí àga funfun náà dọ̀tí kí ọmọ àwọn tó dé. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún un. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò ní òye. Wọ́n ní, “Ṣé kí n sọ fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò bá mi lára mu ni?” A ti sọ onílé di ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé.

Mo wí àwíjàre fún ara mi bí mo ṣe ń lọ sílé. Mo ní àdéhùn lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà rán mi ni mo jẹ́, kò sì sí kọ́bọ̀ owó rẹ̀ tí mo jẹ mọ́lẹ̀. Mo tilẹ̀ rántí òwe tó sọ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ẹni tó ni owó ló ni àṣẹ. Àwíjàre yìí kì í ṣe yẹpẹrẹ. Bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ bá ń fi owó olówó ṣe ohun tó wù wọ́n, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún wa? Bí mo bá sì dí ọmọ lọ́wọ́ láti tọ́jú ìyá rẹ̀ bó ṣe mọ̀, ṣé ojúgbà rẹ̀ ni mí?

Ṣùgbọ́n ìlú tí mò ń gbé kò jẹ́ kí òwe yẹn dùn létí mi mọ́. Ní Àgbádárìgì níbí, ilé ẹrú Seriki Williams Abass ṣì wà, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn pamọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò kékeré lọ. N kò fi pálọ̀ Màmá wé ilé ẹrú o! Ojúkòkòrò ló kọ́ ọ̀kan, ìfẹ́ ló tún èkejì ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá wọ yàrá kan, yóò mọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nínú yàrá tó wà nílé ẹrú, olówó nìkan ni wọ́n rò. Màmá kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ olówó nìkan ni èmi náà rò.

Ìfẹ́ pàápàá lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní Íjíbítì, ayàwòrán-ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Hassan Fathy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ abúlé tuntun kan ní nǹkan bí ọdún 1945 nítòsí Luxor fún àwọn ará Gourna. Amọ̀ ilẹ̀ wọn ló fi kọ́ ọ, ilé náà tutù, ó sì lẹ́wà. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń kọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Gourna kọ̀, wọn kò kó lọ. Ìjọba ló fẹ́ kí wọ́n kúrò lórí àwọn ibojì àtijọ́ tí ilé wọn wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà oúnjẹ wọn wà. Ẹwà ilé kò lè dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé, “Ìwọ ṣáà béèrè lọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì ní ó dára.” Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Lóòótọ́ ni mo béèrè. Ṣùgbọ́n ìpinnu ọmọ wọn ni mo gbé lọ́wọ́ tí mo fi béèrè, n kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn mìíràn. Àgbà tó mọ iyì ọmọ rẹ̀ kò ní bú ẹ̀bùn ọmọ lójú àlejò. “Ó dára” tí wọ́n sọ, ìwà ọmọlúàbí wọn ló sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di ìfọwọ́sí.

Ṣé gbogbo ohun tí ẹni tó ń gbé ilé bá fẹ́ ni kí á wá ṣe ni? Rárá. Mo ti bá bàbá kan pàdé tó kọ̀ kí a kan irin ìdìmú mọ́ ara ògiri balùwẹ̀ òun, nítorí ó ní aláìsàn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ilẹ̀ náà ń yọ̀, ẹsẹ̀ bàbá kò sì lágbára mọ́. Lẹ́yìn ọ̀dọ̀ ọmọ tó sanwó ni mo wà lọ́jọ́ náà, a kan irin náà mọ́ ògiri, a sì jẹ́ kí bàbá yan irú èyí tó wù wọ́n. Ohun tó lè pa ènìyàn lára yàtọ̀ sí ohun tí kò kàn bá ojú ẹlòmíràn mu. Àga tí apá rẹ̀ yẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ìṣó méjì ni ì bá tún un ṣe.

Nígbẹ̀yìn, mo pe ọmọkùnrin náà ní Kánádà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bínú sí ìyá rẹ̀ tàbí kó ní mo fẹ́ gba owó mìíràn. Ó dákẹ́ lọ títí. Ó wá ní, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi nígbà náà? Ṣé pálọ̀ ni mo fẹ́ rà ni? Mo fẹ́ kí ara tu ìyá mi ni.”

Gbólóhùn yìí ló tú ìdí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo ti ń rò ó bíi pé ìjà wà láàárín ẹni tó sanwó àti ẹni tó ń gbé ilé, àti pé mo ní láti gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Kò sí ìjà kankan. Ìrọ̀rùn ìyá ni ọmọ sanwó fún. Èmi ni mo fi àwòrán jíṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni mo ṣẹ̀: n kò gbọ́ ohùn ìyá, n kò sì sọ òtítọ́ fún ọmọ. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn ti di ojú fún un. Ojú tó bá rí nǹkan tí kò sọ, ó ti jẹ owó iṣẹ́ tí kò ṣe.

A ṣí fèrèsé náà padà, àpótí sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti àga, mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá pé èmi ni mo ní kí wọ́n tú u. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n wá sọ fún mi pé orí rẹ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí láti kọ́ ọmọkùnrin náà ní ìwé kíkà.

Láti ìgbà náà, n kì í mú téèpù wọn ilé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń lọ láàárọ̀, máa jókòó ti ẹni tó ń gbé ibẹ̀, láìmú àwòrán kankan dání. Dípò kí n béèrè pé “Kí lẹ fẹ́?”, màá béèrè pé “Níbo lẹ máa ń jókòó bí ẹ bá jí? Ta ló máa ń wá kí yín? Èwo nínú ẹrù yìí ni ẹ kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn?” Mo sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn mi pé kò sí ẹrù tí yóò jáde nínú ilé láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà kan ti gba iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi nítorí èyí. Ó ní mò ń fi àkókò òun ṣòfò. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dùn mí pé mo pàdánù rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wá sí ìlú wa láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845, tí Àjàyí Crowther sì gbé inú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ògiri nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Bíbélì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń yọjú wò. Bí ẹnìkan bá ti kó gbogbo rẹ̀ dànù nítorí pé ó ti gbó, kí ni wọn ì bá wá wò? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà ni mo tú ká nílé Màmá, owó kò sì lè rà á padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà máa ń sanwó ohun tí ẹlòmíràn yóò gbé inú rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò lọ, iṣẹ́ tí yóò kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa ń gbọ́ “ó dára, mà” àti “ó dára, sà” lójoojúmọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ kan ẹ̀yin náà yóò rówó tún ilé òbí yín ṣe, mo sì gbà á ládùúrà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìyá yín máa ń jókòó.