Ta Ni Ó Ni Àwòrán?

Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ nílé, a máa ń ránṣọ, a sì máa ń gbin òdòdó. Láìpẹ́ yìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fọ́tò yíyà. Aṣọ tí a rán, tiwa ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ojú ẹni tí a yà? Nígbà ayé Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000), gbajúmọ̀ onífọ́tò Àjàṣẹ́, ẹni tí ó fẹ́ àwòrán ni ó ń múra lọ bá onífọ́tò. Lónìí, àwa ni a ń lọ bá ẹni tí kò pè wá. Ìyá àgbà kan ní Kétu fi ìborùn bojú nígbà tí a gbé fóònù sókè. Ojú tì wá. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí a kọ́kọ́ kí ìyá, kí a tọrọ ààyè. Bí ó bá gbà, àwòrán náà di tiwa àti tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kí a padà sídìí òdòdó wa.