Ojú Tó Ń Wo Ikú Ọmọ Ọlọ́mọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, wọ́n máa ń ta aṣọ sinimá sí pápá ìgbafẹ́ Spring Lake Park nílùú Texarkana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará ìlú á gbé àga àti kúbùsù wá, wọn á jókòó sórí koríko tọmọtọmọ. Fíìmù tí wọ́n wá wò ni The Town That Dreaded Sundown, ìyẹn Ìlú Tó Ń Bẹ̀rù Ìrọ̀lẹ́, tí Charles B. Pierce ṣe lọ́dún 1976: ìtàn ọkùnrin kan tó fi àpò bo orí, tó lu ojú méjì sí i, tó ń dọdẹ àwọn ọ̀dọ́ tó bá jókòó sínú mọ́tò lọ́nà tó dá. Kò sí ohun àjèjì nínú kí èèyàn wo fíìmù adẹ́rùbani lálẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ti Texarkana yàtọ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 1946, ẹ̀bá pápá yẹn gan-an ni wọ́n ti rí mọ́tò ọ̀dọ́kùnrin kan, tòun ti kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n rí òkú òun àti ọmọbìnrin tó gbé sínú mọ́tò náà.

Lórí ààlà ni Texarkana wà: apá kan jẹ́ ti Texas, apá kejì jẹ́ ti Arkansas, òpó títì kan ló là wọ́n láàárín. Láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1946, ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ kọ lu èèyàn mẹ́jọ níbẹ̀. Márùn-ún kú. Phantom, ìyẹn iwin, ni àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́. Àwọn èèyàn ra ìbọn, wọ́n ra àgádágodo, wọ́n sì ń sáré wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Texas rán gbajúmọ̀ ọlọ́pàá wọn, Manuel Gonzaullas, tí wọ́n ń pè ní Lone Wolf, wá síbẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tí ilé ẹjọ́ kankan dá lẹ́bi fún ikú àwọn márùn-ún náà.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni Pierce gbé kámẹ́rà dé. Kì í ṣe àjèjì. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Texarkana rí, ó sì ti ṣe fíìmù The Legend of Boggy Creek lọ́dún 1972, lórí ẹranko abàmì kan tí wọ́n ní ó ń rìn kiri ní Fouke, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Nǹkan bí 400,000 dọ́là ni wọ́n ní ó fi ṣe ti ìlú tó ń bẹ̀rù ìrọ̀lẹ́ yìí, owó tí kò tó nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà Hollywood. Ó gba Ben Johnson, tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, láti ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó sì kó àwọn ará ìlú fúnra wọn sínú eré náà láti kún ojú títì àti ilé ijó. Nígbà tí ìpolówó fíìmù náà jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé apààyàn náà ṣì ń rìn kiri ní Texarkana dòní. Inú àwọn aláṣẹ ìlú kò dùn sí i rárá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí òbí wọn ti kan ilẹ̀kùn pa ní 1946!

Ìwà àwọn òǹwòran fíìmù yìí ṣòroó kà. Pierce fúnra rẹ̀ ṣe ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Sparkplug, tí kì í ṣe nǹkan kan yanjú: á gbàgbé kọ́kọ́rọ́, á wa mọ́tò wọnú omi. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ sígbà náà, àpò funfun náà á yọ lẹ́bàá mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ, èémí á sì máa fẹ́ aṣọ náà síta, á tún fà á wọlé. Ẹ̀rín á dákẹ́ lójijì. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ti bá Pierce wí lórí lílọ́ tó lọ́ ẹ̀rín mọ́ ikú báyìí.

Ìran kan wà tí ẹni tó bá wo fíìmù náà kì í gbàgbé. Apààyàn náà so ọmọbìnrin kan mọ́ igi, ó mú kó gbá igi náà mọ́ra. Ó gbé fèrè tròmbónù tí wọ́n bá nínú mọ́tò, ó de ọ̀bẹ mọ́ ọ̀pá fèrè náà tó máa ń lọ síwá-sẹ́yìn, ó wá gbé e sẹ́nu bí ẹni fẹ́ kọ orin. Bó ti ń ti ọ̀pá náà síwájú ni ọ̀bẹ ń wọ ẹ̀yìn ọmọ. Níbí yìí, àwọn kan á gbé ojú sá. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti dà bí eré ìdán.

Tròmbónù kọ́ ni ohun èlò ọmọbìnrin tí wọ́n rí òkú rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1946. Saksofóònù ni ó ń fun. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi ijó lóru tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ìbọn ni wọ́n sì fi pa á. Saksofóònù náà dàwátì. Wọ́n wá a títí, àfi ìgbà tó di nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó rí i nínú ìgbẹ́, nínú àpótí rẹ̀. Fíìmù tó sì gbé ọ̀bẹ sórí tròmbónù yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn asọ̀tàn tó ní òtítọ́ ni gbogbo ohun tí òǹwòran fẹ́ẹ́ rí, pé orúkọ nìkan làwọn yí padà.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí èèyàn máa wo irú nǹkan báyìí, kí ó sì gbádùn rẹ̀? Ìbéèrè náà ti gbó ju sinimá lọ. Nínú ìwé Republic, Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì àtijọ́, sọ ìtàn Leontius, tó ń bọ̀ láti Piraeus lọ sí Athens, tó rí òkú àwọn tí wọ́n ti pa lẹ́bàá ògiri ìlú. Ó fẹ́ wò wọ́n, ó sì kórìíra ìfẹ́ náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó bá ara rẹ̀ jà. Nígbà tí agbára rẹ̀ tán, ó la ojú sílẹ̀ rangandan, ó sáré lọ síbi òkú, ó sì ń bú ojú ara rẹ̀ pé kí wọ́n jẹun yó. Yorùbá yóò tètè lóye Leontius. Nínú èdè wa, ojú ni ìtìjú ń gbé, ojú náà ni àánú àti ìwọra ń gbé: ẹnì kan jẹ́ olójú àánú, òmíràn jẹ́ olójúkòkòrò, ẹni tí ojú kì í tì sì wà láàárín wa. Ojú méjì péré ni, ohun tó ń ti inú wọn jáde sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n Leontius nìkan ló dá wà lẹ́bàá ògiri. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ló fi àwùjọ sínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé Confessions, ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alypius, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fa lọ síbi tí àwọn ará Róòmù ti ń wo ìjà àjàkú. Alypius di ojú pinpin, ó ní ara òun nìkan ni wọ́n fà wá. Lójijì ni ẹnì kan ṣubú, àwùjọ hó yèè. Alypius la ojú, kò sì lè pa á dé mọ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń fa ẹlòmíràn lọ. Etí rẹ̀ tí kò dí ni ariwo gbà wọlé, ariwo náà ló ṣí ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó láàárín èrò níbi tí fíìmù adẹ́rùbani ti ń lọ mọ̀ ọ́n: ẹ̀rín ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ló ń sọ fún ni pé kò sí wàhálà, a lè rẹ́rìn-ín.

Augustine tún gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ nípa ilé eré, èyí sì ló wúwo jù lọ. Kí ló dé tí èèyàn fi ń gbádùn ìbànújẹ́ tí kò ní í fẹ́ kó dé bá òun? Ó kíyè sí i pé àánú tó wà níbi eré jẹ́ àánú tí kò pe ẹnikẹ́ni láti ṣe ìrànlọ́wọ́. Òǹwòran sunkún, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì mìíràn, ti dá irú ẹjọ́ yìí láre ṣáájú rẹ̀: ó ní ẹ̀rù àti àánú tí eré bá ru sókè máa ń fọ inú èèyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ Aristotle kò ṣeé sọ nù. Ìlú tí ìbẹ̀rù ti há mọ́lé lọ́dún kan, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń jókòó síta gbangba lálẹ́ láti wo ìbẹ̀rù náà, pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́, ti ṣẹ́gun nǹkan kan.

Síbẹ̀, ìwẹ̀nùmọ́ ta ni? Arákùnrin ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n pa ní 1946 pe àwọn tó ṣe fíìmù náà lẹ́jọ́, ó ní wọ́n gbé arábìnrin òun hàn bí ọmọ tí kò níwà. Lọ́dún 1979, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Texarkana fúnra rẹ̀ dá a pé ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní láti pa ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ mọ́ bá ẹni náà kú, mọ̀lẹ́bí kò lè jogún rẹ̀. Bóyá òfin Texas kò lè sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ó nira fún ọmọ Yorùbá láti gba ìdájọ́ yẹn sínú. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ òkú jẹ́ ti ẹbí. Ẹni tó bá ba orúkọ náà jẹ́, àwọn alààyè ló ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rín òǹwòran kọ́ ni ẹ̀sùn tó tóbi jù. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí tròmbónù kò mọ̀ pé saksofóònù kan wà nínú ìgbẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ṣe fíìmù náà ló gba saksofóònù náà lọ́wọ́ ọmọ, tó fi ohun ìdán rọ́pò rẹ̀, tó sì ní òtítọ́ ni. Ó ti kó àánú àwọn òǹwòran jẹ kí wọ́n tó jókòó.

Síbẹ̀, Pierce mọ nǹkan kan nípa àwọn tó ń wò ó. Ìran tó kẹ́yìn fíìmù náà bọ́ sí ọdún 1976. Èrò tò síwájú ilé sinimá, fíìmù tí wọ́n fẹ́ wọlé wò sì ni The Town That Dreaded Sundown. Kámẹ́rà wálẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn, a sì rí bàtà kan láàárín ìlà náà, bàtà tí a ti ń rí lẹ́sẹ̀ apààyàn náà bọ̀. Àwọn tó jókòó sórí koríko ní Spring Lake Park á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó wá wòran bíi tiwọn. Bàtà náà sún síwájú díẹ̀, bí ìlà ti ń sún. Kámẹ́rà kò gòkè dé ojú ẹni tó wọ̀ ọ́.