Owó Iná Tí A San Sílẹ̀

Ó ti tó ọdún díẹ̀ tí mo ti ń ronú lórí ìbéèrè kan tí àbúrò ìyá mi bi mí, tí mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Aṣọ ni màmá yìí ń tà ní Apọ́ngbọ̀n, ní àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú ìnagijẹ tí àwọn ará Èkó fún William McCoskry, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa tí ó ṣe adelé gómìnà ní 1861. Mo ń ròyìn fún un bí àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ń san owó iná mànàmáná àti owó gáàsì tí ó fi ń mú ilé gbóná. Mo ní kì í lọ tò síbì kankan. Ó ti fún ilé-iṣẹ́ iná láṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báńkì sì ń yọ iye kan náà fún wọn lóṣooṣù, ì báà ṣe ìgbà òtútù, ì báà ṣe ìgbà ooru. Nígbà ooru tí kò lo iná púpọ̀, owó rẹ̀ a máa ṣẹ́ jọ sí wọn lọ́wọ́. Bí òtútù bá dé, wọn a máa yọ nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn ìgbà ooru kan fi hàn pé owó rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn lé ní 200 pọ́n-ùn.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dókítà, a jẹ́ pé alájọ ni wọ́n. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń kó o fún un?"

Kí ìbéèrè yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a rántí ohun tí alájọ jẹ́. Àjọ yàtọ̀ sí èsúsú. Nínú èsúsú, àwọn ẹgbẹ́ ni ó ń dá owó jọ, tí wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Àṣà yìí náà ni àwọn baba ńlá wa gbé dé Trinidad, tí wọ́n ń pè ní susu níbẹ̀ títí di òní. Ní ti àjọ, ẹnì kan ni ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, tí ó ń gba iye tí oníkálukú fẹ́ dá, tí ó sì ń sàmì sí káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá pé, yóò kó owó náà padà fún olówó, yóò sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rò pé owó náà ti di ti alájọ nítorí pé ó wà nínú àpò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 2022, iná jó àwọn ìsọ̀ tí ó wà lábẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n. Ọjà màmá wà lára ohun tí ó jóná. Oṣù kò tíì pé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì alájọ rẹ̀ wá bá a nílé. Ó ka àmì inú káàdì, ó ka owó, ó yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó sì kó ìyókù lé e lọ́wọ́. Màmá kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń sọ ìtàn àánú. Bí a bá ń yin alájọ náà, ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Ṣé kì í ṣe owó mi ni?"

Gbólóhùn yìí ni mo rò pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Ọ̀nà méjì ni owó wa lè gbà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ó lè jẹ́ owó ọjà tí a ti gbà, ó sì lè jẹ́ ohun ìpamọ́. Owó iná tí a san sílẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́, nítorí pé ọwọ́ ontàjà ni ó wà. Ṣùgbọ́n iná tí a kò tíì tàn, a kò tíì rà á. Títí di ọjọ́ tí a óò tàn án, ohun ìpamọ́ ni owó náà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní èsì tiwọn, èsì náà kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ètò yìí ni kì í jẹ́ kí òtútù ka ìdílé tálákà mọ́ abẹ́ gbèsè, nítorí pé ó pín ẹrù ọdún kan sí oṣù méjìlá. Òótọ́ ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì sì fún oníbàárà láyè láti béèrè owó rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ kò bá sì fẹ́ dá a padà, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń béèrè. Àbúrò mi kò béèrè rí, nítorí pé kì í ka ìwé wọn já.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2021 àti 2022 fi hàn pé ìbéèrè màmá kì í ṣe ti ará oko. Nígbà tí owó gáàsì gbówó lórí lójijì, ilé-iṣẹ́ tí ó lé ní 25 wọlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú wọn ti ń fi owó tí oníbàárà san sílẹ̀ ṣòwò. Ofgem, àjọ tí ń ṣe àbójútó wọn, kò jẹ́ kí owó àwọn oníbàárà wọ̀nyí gbé. Wọ́n fà wọ́n lé ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bíìlì gbogbo àwọn tí ń lo iná ni wọ́n pín ẹrù náà lé. Bí ẹni pé alájọ kan ná owó àjọ tán, tí a wá ní kí gbogbo ọjà dá a. Ó dára tí olówó rí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wọn dá àjọ ni ó san nínú rẹ̀.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ wa le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi san bíìlì àfojúbù, owó iná tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ní 2013, NERC gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ mítà san owó rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n bá a rì í láàárín ọjọ́ 45, kí wọ́n sì máa fi iná san owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sanwó, wọn kò rí mítà. Ní 2016 ni NERC pàṣẹ kí ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà sì ń jẹ owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye tí àwọn tí ó wà ní ìpele A ń san fún ẹyọ iná kan kúrò ní nǹkan bí 68 náírà, ó di 225. Ẹni tí ó ti ra tókìn, tí ó sì ti tẹ nọ́ńbà 20 náà sínú mítà rẹ̀ ṣáájú, kò pàdánù, nítorí pé iná ni mítà kà fún un, kì í ṣe náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tí 50,000 náírà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ní náírà, ohun tí ì bá ra ẹyọ iná tí ó lé ní 730 ti di ohun tí kò lè ra ju 222 lọ. Kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Èmi náà san owó mítà sílẹ̀ nígbà kan rí, mo sì dúró ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ. Nígbà tí mo lọ béèrè, akọ̀wé ibẹ̀ fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé kí n ní sùúrù, pé owó mi kò sọnù. Mo dúpẹ́, mo padà sílé. Ojú ọ̀nà ni mo ti rí i pé mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé òun ni ó ta mí lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìwà ìrẹ́jẹ náà fara pamọ́ sí. Owó lè má sọnù, kí àṣẹ tí olówó ní lórí rẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ran ni níṣẹ́ kò gbọdọ̀ wá di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ iṣẹ́ fún un.

Nítorí náà, n kò lòdì sí sísan owó sílẹ̀, n kò sì lòdì sí kí báńkì máa yọ ọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó gba owó ẹlòmíràn ṣáájú ti di alájọ, ì báà ní ilé alájà mẹ́wàá. Ó yẹ kí ó dá ọjọ́, kí ó sì fi káàdì han olówó láìjẹ́ pé ó béèrè.

Mo ti mú èsì lọ fún màmá. Mo ní kò sí ọjọ́ kan pàtó; ẹni tí ó bá béèrè ni wọ́n ń dá tirẹ̀ padà fún. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, "Kí ó béèrè, nígbà náà. Kí ó béèrè lónìí."