Ẹ̀tọ́ Tí Ara Wa Ní Lórí Wa

Gbogbo ọpẹ́ ti Allah ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn mọ́sálásí wa. Àga tí a ń jókòó lé kírun ń pọ̀ sí i. Ẹni tí àìsàn mú jókòó kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a tọ́jú eékún wa nígbà tí ó ṣì lágbára?

Lórí ọ̀sà Ìpakodò, àwọn baba wa ń tukọ̀, wọ́n ń fa àwọ̀n. Àwa ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Ikùn yọ, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ dàrú. Bí mẹ́ta nínú wọn bá pàdé lára ẹnìkan, ọ̀nà ti là fún àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ.

Iṣan tí a ń lò a máa gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìmárale tí ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán, ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150. Kò gba owó: kí a máa dìde lórí àga láìfọwọ́tì, kí a máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Kí aláìsàn kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, kí ó má sì pa oògùn tì.

Ànábì kọ́ wa pé ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Kí Allah fún wa ní agbára tí a ó fi máa dìde láti ìforíkanlẹ̀ títí dọjọ́ ikú wa. Àmín.