Ó Ní Kí Wọ́n Fún Ọmọ Náà Ní Oúnjẹ

(Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àjọ̀dún Ìjọ)

   

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí àwa akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ àdúrà àti ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni ó ti mọ́ wa lára láti máa kọ. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fi sí wa lọ́kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìhìnrere Máàkù orí 5, láti ẹsẹ 35 dé 43. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Jáírù, olórí sínágọ́gù, ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjìlá. Àìsàn dé, ọmọ kú. Jésù wọlé, ó lé àwọn tí ń pariwo ẹkún síta, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ọmọ dìde, ó ń rìn. Ibẹ̀ ni àwa oníwàásù máa ń dúró sí. A ó lu agogo, a ó pe halelúyà, ìjọ á bẹ́ sókè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ náà kò tíì parí. Lẹ́yìn tí Olúwa jí òkú tán, ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan jẹ.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò, ará. Ẹni tí ó jí òkú, ṣé kò lè pàṣẹ kí ebi má pa ọmọ náà mọ́ ni? Ó lè ṣe é. Iṣẹ́ tí ó ju agbára ènìyàn lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn tó, ó fi lé bàbá àti ìyá ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ó rẹ Wòlíì náà dé ibi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò wàásù fún un lákọ̀ọ́kọ́. Àkàrà àti omi ni ó gbé síwájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Agbára oúnjẹ yẹn ni ó fi rìn fún ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù. Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹran àti wáìnì ọba ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ oúnjẹ. Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni wọ́n bèèrè. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ara wọn dán ju ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ààfin lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Ní ọdún 1988, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, a sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Arábìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sílé àdúrà. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé oyún mìíràn ti dé. Ẹsẹ̀ ọmọ wú, ojú rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ pọ́n, ó sì fẹ́lẹ́, awọ ara rẹ̀ ń bó. Kì í ṣeré, kì í rẹ́rìn-ín, ó kàn ń ráhùn ṣáá. Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn kan ní orogún ìyá rẹ̀ ni. Ìran jáde, wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìyá àti ọmọ, omi àdúrà nìkan ni wọn yóò máa fi sẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà ọmọ náà gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá nínú abọ́, ó fi ewé bò ó. Àwa ni a wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àwa ni a ní kí màmá dá a padà, pé ààwẹ̀ kò tíì pé. Màmá kò bá wa jiyàn. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run.” Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Ọmọ náà kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

A kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ìgbà náà fẹ́ràn Ọlọ́run, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn kò kúrò lójú wa títí di òní.

Ní 1991, wọ́n tún gbé ọmọ mìíràn wá, àmì kan náà ni. Àánú Olúwa ni pé ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí ìjọ lọ́jọ́ náà. Ìyá yìí kúnlẹ̀ pẹ̀lú wa. Nígbà tí a gbàdúrà tán, ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ará, kí ni ọmọ yìí jẹ lánàá?” Ìyá ọmọ ní ògì. “Níjẹta ńkọ́?” Ògì. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Ògì náà ni, àti ẹ̀kọ tútù. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè padà. Ó ní, “Èyí kì í ṣe àbíkú. Kwashiorkor ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, ẹ máa gbàdúrà tẹ̀lé wa.” Wọ́n gbé e lọ. Wàrà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, nítorí pé ikùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀wà dé e, ẹja dé e, ẹyin dé e. Wíwú náà lọ. Ọmọ yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ lónìí, ó sì ń bọ̀ níbi àjọ̀dún yìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n.

Orúkọ àìsàn náà kì í ṣe ti Òyìnbó. Èdè Gã ti ilẹ̀ Gánà ni. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é hàn fún gbogbo ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ó rí. Ẹ wò ó, ohun tí àwọn ìyá Gã ti mọ̀ tipẹ́ ni a fi ń pe ọmọ tiwa ní àbíkú.

Nítòsí wa níhìn-ín náà, ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ṣe iṣẹ́ ńlá kan láti 1956 sí 1961. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n déédéé, wọ́n ń fi àmì sí ìwé tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé. Bí ìlà inú ìwé bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí kò bá gòkè mọ́, a ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ọmọ tó wú. Iye ọmọ tí ń kú ní ìlú náà dínkù gan-an, ìwé Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn sì di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ẹ má ṣe fi káàdì ọmọ yín dí ihò ògiri o!

Kí ni kí a wá jẹ? Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Àmàlà, iyán, ẹ̀bà àti ògì dára, wọ́n ń fún wa ní okun tí a fi ń roko. Ṣùgbọ́n wọn kò tó láti mú ọmọ dàgbà bí wọ́n bá dá wà. Ohun tí ń mọ ẹran ara ni ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ìrù, sóyà àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lóore, pàápàá bí a bá jẹ ọsàn lé e. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ títí kí ẹ tún da omi rẹ̀ nù. Epo pupa ní fítámì A tí ojú fi ń ríran, ṣùgbọ́n bí a bá dáná sí epo títí pupa rẹ̀ fi parẹ́, ohun rere náà ti bá èéfín lọ. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà tí a fi ànàmọ́ mọ̀, irú ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní fítámì kan náà.

Ọmú nìkan ni kí ọmọ tuntun mu fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kí a fi oúnjẹ kún un, kí a sì máa fún un lọ́mú títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ògì, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sí i. Ẹ̀yin kan ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ará, ọmọ tí ebi ń pa ni yóò ṣí ìkòkò ọbẹ̀! Ẹ̀yin bàbá, nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, ẹ má ṣe jẹ gbogbo ẹran kí ẹ wá ju egungun sí ọmọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, ẹ dín iyọ̀ àti ohun dídùn kù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Akọ̀wé, owó dà?” Òótọ́ ni, ọjà le. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé. Owó tí a fi ń ra ohun mímu inú ìgò àti bisikíìtì fún ọmọ lọ́jọ́ Ìsinmi lè ra ẹyin fún un.

Ní ti ààwẹ̀, Aládùúrà ni wá, a kò ní fi ààwẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka Àìsáyà orí 58. Ààwẹ̀ tí Olúwa yàn ni kí a pín oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin Wòlíì wa: ẹ má ṣe gbé ààwẹ̀ lé ọmọdé, aláboyún, ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú tàbí aláìsàn lórí. Kí àwa tí ara wa le gbà á fún wọn. Oúnjẹ tí a kò jẹ lọ́jọ́ náà, kí a gbé e lọ fún ọmọ opó. Bí a bá sì gbé ọmọ tí ó wú wá, ẹ gbàdúrà, ẹ bèèrè ohun tí ó jẹ, kí ẹ sì rán an lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúrà lè tẹ̀lé e dé ibẹ̀.

A tún rí i pé nígbà sàráà, èso kún orí tábìlì, àgbàlagbà á pín in tán, ọmọdé á máa wò. Láti àjọ̀dún yìí lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gba tiwọn.

Kí Olúwa tí ó jí ọmọ Jáírù wo gbogbo ọmọ wa sàn. Kí ó bùkún oko wa àti ìkòkò ọbẹ̀ wa. Kí ó dárí jì wá níbi tí ìtara wa ti ju ìmọ̀ wa lọ. Ìyá àgbà yòówù tí ó bá tún gbé abọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà yìí, kí ó bá wa níbi tí a ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Àmín.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyè dún.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ, Òjòkú.