Ọwọ́ Àlejò Lójú Kọ̀ǹpútà Wa

Ìbéèrè kan wà tí àwọn baba wa ti dáhùn lóko, tí àwa ọmọ wọn tún ní láti dáhùn lójú kọ̀ǹpútà: bí ẹlòmíràn bá bá mi ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tèmi?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, ní ìlú San Francisco, Douglas Engelbart fi han àwùjọ bí òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Menlo Park, ní nǹkan bí kìlómítà 50 síbẹ̀, ṣe lè jọ máa wo ìwé kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ. Ohun tó jẹ́ ìyanu nígbà náà ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ní Ikpinlè. Ó jókòó sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kútọnu. Ó ka nọ́ńbà kan fún un lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n sì wọlé. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé iwin ló ń darí rẹ̀.

Àárọ̀ ni èyí. Àgbẹ̀ tó bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ kì í sùn sílé kí wọ́n máa bá a roko. Òun náà á gbé ọkọ́, á fi ààlà hàn wọ́n, nítorí òun ló mọ ibi tí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wà. Nígbà tó bá kan ẹlòmíràn, òun náà á lọ san án padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń tún ìwé ìwádìí rẹ̀ ṣe, tó ń béèrè ìdí, tó sì lè dá a ṣe lọ́la, àárọ̀ ló bẹ̀. Èyí tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ jẹun, tó padà wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ tó ti parí, oko olóko ló ń kórè. Ẹnì kan lè ní: ṣebí ọlọ́rọ̀ ń gba alágbàṣe? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣu kì í béèrè ẹni tó kọ ebè rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ń béèrè.

Ojúṣe àlejò náà wà. Ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún nítorí ìwé kan lè rí lẹ́tà, àwòrán àti àkọsílẹ̀ owó. Code du numérique, òfin tí orílẹ̀-èdè Benin gbé jáde ní 2018, ka jíjí wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni òfin sábà máa ń dúró sí. Nínú ilé, ìwà ló ń ṣọ́ni. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ti ìbẹ̀rù olè ti ilẹ̀kùn mọ́ olùrànlọ́wọ́. Ẹ ṣí i fún ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì tì í padà nígbà tó bá lọ. Kí ẹ sì rántí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò ka nọ́ńbà tirẹ̀ fún yín.