Ẹni Tó Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Manuel de Falla

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Òwe méjèèjì ni òtítọ́. Iṣẹ́ onílàákàyè ni láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti bá ọ̀rọ̀ mu. Ìgbésí ayé Manuel de Falla, aṣẹ̀dá orin ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni mo fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ìbéèrè mi ni pé: bí aláṣẹ bá pa ọ̀rẹ́ ẹni, ǹjẹ́ ìdákẹ́ lè tó gẹ́gẹ́ bí èsì?

Ìlú Cádiz, létí òkun, ni wọ́n ti bí Falla ní ọdún 1876. Ó gbé Párísì láti ọdún 1907 títí di 1914 tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti bá Debussy àti Ravel ṣọ̀rẹ́. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Andalusia ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Lára wọn ni El amor brujo (1915) àti El sombrero de tres picos, eré oníjó tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1919, tí Picasso sì ya àwòrán ìtàgé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, María del Carmen, lọ tẹ̀dó sí Granada. Níbẹ̀ ni ó ti di ọ̀rẹ́ Federico García Lorca, akéwì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó ṣe ètò ìdíje cante jondo, orin àtijọ́ àwọn ará Andalusia, ní ààfin Alhambra. Ẹni ọdún 45 ni Falla nígbà náà; Lorca jẹ́ ọmọ ọdún 24.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1936. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀gágun Franco mú Lorca ní Granada, wọ́n sì yìnbọn pa á. Falla, tí ara rẹ̀ kò dá rárá, dìde lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ ìjọ Àgùdà tí kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣeré ni Falla. Nígbà tí àwọn kan sun ilé ìjọsìn ní ọdún 1931, ó kọ̀wé sí ìjọba láti fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn. A kò lè sọ, nígbà náà, pé kò mọ bí a ti í sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1937 ẹ̀wẹ̀, ó tún orin kan tí Felipe Pedrell, olùkọ́ rẹ̀, ṣe tò, ó di orin ogun fún àwọn ọmọ ogun Franco. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í jẹ ààrẹ Instituto de España ní ọdún 1938, ó ní ara òun kò gbà á. Ní ọdún 1939 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ajẹntínà. Ìjọba Franco fi owó ìfẹ̀yìntì lọ̀ ọ́ kí ó lè padà wálé, kò padà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹsẹ̀ ni Falla fi sọ̀rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí ìbọn kò dojú kọ rí kò gbọdọ̀ yára pe ẹlòmíràn ní ojo, kò sì sí òfin tí ó ní kí ènìyàn bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n èsì tí a bá fi àìsàn bò, ọ̀tá kò rí i mú, ọ̀rẹ́ kò sì rí i gbá mú. Ní Granada, ìdákẹ́ Falla yé mi. Èyí tí ó dá fún ọdún méje ní òdìkejì òkun ni kò yé mi tó bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní ẹbí nílé.

Ó kú ní Alta Gracia ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1946. Ní ọdún 1947 wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Cádiz, wọ́n sì sin ín sínú kàtídírà pẹ̀lú ẹ̀yẹ ìjọba. Ìjọba tí kò rí i gbà láàyè rí i gbà lókùú, nítorí kò fi gbólóhùn kan sílẹ̀ ní gbangba tí ì bá dí wọn lọ́wọ́. Atlántida, iṣẹ́ tí ó fi nǹkan bí ogún ọdún ṣe tí kò parí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló bá a parí rẹ̀: Ernesto Halffter, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni ó ṣe é tí àwọn ará Barcelona fi gbọ́ ọ ní ọdún 1961. Ti Halffter jẹ́ ìfẹ́. Ti ìjọba kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbèjà ẹni tí ó ti kú. Òwe àgbà sọ nípa tara ẹni nìkan. Ọ̀ràn Falla fi hàn pé tọ̀rẹ́ ẹni náà lè bá a dákẹ́. Falla ní ibojì nínú kàtídírà. Títí di òní, a kò tíì rí òkú Lorca.